Ẹ Bi Ìyá Ẹja: Iyùn ti kún táǹkì mi, ta ni kí n tà á fún?

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú nínú àwọn tó wọlé lóṣù yìí. Ti àkọ́kọ́ gùn, mo sì máa pẹ́ lórí rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan gbogbo ẹni tó ń sin nǹkan inú omi nílùú Ìbàdàn yìí. Iyùn tó wà nínú rẹ̀, ẹran abẹ̀mí inú òkun ni, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn yòókù ò ní gbà wá lákòókò tó bẹ́ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ káàsán, Mà. Akóbọ̀ ni mò ń gbé, Sẹkitéríàtì ní Àgodi ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ní táǹkì omi iyọ̀ onílítà 200 nínú pálọ̀. Ẹja méjì péré ló wà níbẹ̀, iyùn ló pọ̀, oríṣi mẹ́rin. Green star ti bo gíláàsì ẹ̀yìn pátápátá, Xenia ti gun orí gbogbo òkúta, Discosoma wà ní gbogbo kọ̀rọ̀, mo sì ní Montipora kan tó ti fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀. Ìyàwó mi ní bí wọn ò bá lè san owó iná tí wọ́n ń jẹ, òun á gbé gbogbo ẹ̀ síta. Ọkùnrin kan ní Bódìjà fẹ́ kó ogún ègé lẹ́ẹ̀kan náà, owó gidi ló sì pè. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Kútọnu náà ní kí n fi ègé Montipora ránṣẹ́ sí òun. Mo ti ń rò ó pé kí n wá orúkọ fún òwò náà, kí n ya àmì, kí n sì ṣí ojú ìwé lórí Instagram. Èló ni kí n máa tà á? Báwo ni kí n ṣe gé e? Bó bá kú lọ́wọ́ ẹni tó rà á ńkọ́?
Ọmọ Akóbọ̀

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́, o kú ìnáwó. Ẹni tó bá mú kí Montipora fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀ nínú pálọ̀ ní Akóbọ̀, ó yẹ ká kí i. Ṣùgbọ́n má tan ìyàwó rẹ: owó iyùn ò ní san owó iná. Pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, iná LED ń tàn fún wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá lójúmọ́, ínfátà ń jẹ bátìrì, iyọ̀ ń wá láti òkè òkun. Bí títà bá san owó iyọ̀, kí o dúpẹ́.

Ibòmíràn ni èrè ẹ̀ wà. Ní Ìbàdàn yìí, ẹnikẹ́ni tó bá ra ègé lọ́wọ́ rẹ, tí ègé náà sì mú nínú táǹkì rẹ̀, ó ń bá ọ tọ́jú irúgbìn ni. Iná á lọ lóru ọjọ́ kan, bátìrì á tán nígbà tí gbogbo ilé ti sùn, pọ́ǹpù á dákẹ́. Kó tó di àárọ̀, afẹ́fẹ́ inú omi ti tán, ẹja ti léfòó, iyùn ti ń yọ́, pálọ̀ ti ń rùn. Mi ò mọ ẹnì kan tó ti sin iyùn pẹ́ níhìn-ín tí irú ọjọ́ yẹn ò dé bá. Lọ́jọ́ náà, ilé oníbàárà rẹ lo máa gbà lọ, wàá ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé díẹ̀ fún mi nínú èyí tí mo tà fún yín.” Ẹni tó bá da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ni yóò tẹ̀. Torí náà, kí o tó bi mí ní èló, bi mí pé ta ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe níbi tí àṣà yìí ti gbilẹ̀. Láwọn ọdún 1980, Dietrich Stüber, ará Berlin ní Jámánì, sin Acropora kan nínú táǹkì ilé rẹ̀ títí tó fi gbilẹ̀, lásìkò tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé irú iyùn olókùúta bẹ́ẹ̀ ò ṣeé sìn nílé. Ó gé e fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn náà gé e fún ẹlòmíràn, títí ìran kan ṣoṣo yẹn fi wà nínú táǹkì káàkiri, tó sì ré kọjá Jámánì. Ara kan náà ni gbogbo wọn, torí ègé tí a gé kì í ṣe ọmọ iyùn, iyùn náà gan-an ni. Bí táǹkì onílé bá bàjẹ́ lónìí, iyùn rẹ̀ ò tíì kú.

Ó wá kan ọkùnrin Bódìjà tó fẹ́ kó ogún. Bi í pé ìgbà wo ló da omi iyọ̀ sínú táǹkì tirẹ̀. Bó bá ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, má tíì tà fún un, bó tilẹ̀ ka gbogbo owó náà sílẹ̀ lójú rẹ. Táǹkì tuntun sábà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ amóníà di nítíráìtì, tí wọ́n sì ń sọ nítíráìtì di nítíréètì, tó pọ̀ tó lára òkúta. Kó tó dìgbà náà, májèlé ni omi yẹn. Gbogbo ogún á kú, ọkùnrin náà á sọ fún gbogbo Bódìjà pé ọjà rẹ ò dáa, ìwọ náà ò sì ní irúgbìn kankan nípamọ́ lọ́dọ̀ ẹ̀. Bí táǹkì rẹ̀ bá ti dàgbà, tà méjì fún un. Bí wọ́n bá mú, kó padà wá fún méjì mìíràn. Kò sí ẹni tó ń lé e.

Ìbéèrè kejì tí mo máa ń bi oníbàárà ni pé bí iná bá lọ, kí ló ń yí omi rẹ̀. Iyùn lè fara da òkùnkùn fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kò lè fara da omi tó dúró sójú kan tí afẹ́fẹ́ ti tán nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ kékeré tó ń lo bátìrì, mo ti mọ̀ pé ó ronú. Ẹni tó bá ní “Ọlọ́run á ṣe é,” àmín, ṣùgbọ́n kó lọ ra pọ́ǹpù ná.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń ní kí wọ́n bu omi táǹkì wọn wá nínú ike omi kan. Bàbá kan wá láti Challenge, ó gbé abọ́ ọbẹ̀ onídèrí dání láti fi gbé iyùn lọ, kò gbé omi. Mo ní kó padà lọ bù ú wá. Inú bí i, ó ní ṣé mo rò pé òun ò mọ omi iyọ̀ ni. Nígbà tó gbé e dé, mo kán ẹ̀kán kan sójú ohun ìwọn iyọ̀, mo gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, mo sì ní kí òun fúnra rẹ̀ fi ojú kan wò ó. Ibi tí àwọ̀ aró ti pàdé funfun wà lórí 1.032. Ibi tó yẹ kó wà ni nǹkan bí 1.025. Ọyẹ́ ń fa omi táǹkì rẹ̀ gbẹ, omi iyọ̀ ló sì ń rọ sí i dípò omi lásán. Iyọ̀ kì í bá omi gbẹ lọ. Omi nìkan ní ń lọ, iyọ̀ á máa ki sí i lójoojúmọ́. Bàbá dákẹ́. Ó lọ fi omi tí kò níyọ̀ dín in kù díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó padà wá, mo tà fún un. Ilé rẹ̀ ni mo máa lọ bí iyùn Sarcophyton tèmi bá kú.

Gígé ò le, ìdọ̀tí ẹ̀ ló pọ̀. Ṣe é lẹ́yìnkùlé, lórí páálí tí o lè kó dànù, kì í ṣe lórí tábìlì oúnjẹ ìyàwó rẹ. Wọ ìbọ̀wọ́, fi gíláàsì bo ojú. Green star ló rọrùn jù: awọ elésè àlùkò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ yi bíi pọ̀nmọ́. Wàá fi ìka bó o kúrò lára gíláàsì, wàá fi abẹ tuntun gé e ní ìwọ̀n àtàǹpàkò, wàá nu abẹ́ rẹ̀ gbẹ, wàá sì fi súpà gúlù lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta kékeré. Èyí tó ki ni kí o rà, èyí tó ń ṣàn ò ní dúró. Gbogbo ojú rẹ̀ á wọlé lọ, á dà bíi pé o ti pa á. Fi í sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn ojú aláwọ̀ ewé náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, títí gbogbo wọn á fi là.

Xenia ò gba gúlù, ara rẹ̀ ń yọ̀ jù. Kó òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á gun orí wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ìgbà yẹn ni kí o wá gé ibi tó ti so pọ̀. Discosoma, là á gba ẹnu tó wà láàárín rẹ̀ kọjá, kí ègé kọ̀ọ̀kan lè ní díẹ̀ nínú ẹnu náà. Da wọ́n sínú ike tí òkúta wẹ́wẹ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí o fi àwọ̀n bo ojú ike, torí omi máa ń gbá wọn lọ síbi tí o ò ti ní rí wọn mọ́. Montipora, ẹ̀mú ni kí o fi kán an. Bí o bá tún ní Sarcophyton lọ́jọ́ iwájú, èédú tí wọ́n ń tà fún táǹkì ẹja ni kí o fi sínú omi lẹ́yìn tí o bá ti gé e, torí májèlé tó ń tú jáde lè yọ àwọn aládùúgbò rẹ̀ lẹ́nu.

Ègé tí a gé láàárọ̀ kì í ṣe ọjà lálẹ́. Jẹ́ kó sinmi, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wò ó pé ojú ọgbẹ́ ti pa, pé ẹran ara rẹ̀ ti ń tàn bo gúlù. Lẹ́yìn náà, dojú òkúta rẹ̀ dé, kí o yẹ abẹ́ rẹ̀ wò lójú iná. Ibẹ̀ ni Aiptasia ń sá pamọ́ sí, ẹ̀dá kékeré aláwọ̀ búráùn tó ní ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀, tó sì ń ta gbogbo ohun tó bá fara kàn án. Ẹyọ kan tó bá bá ọjà rẹ wọlé oníbàárà, á pọ̀ nínú táǹkì rẹ̀ kó tó fura. Bí o bá fi ọ̀bẹ fá a, èyí tó ṣẹ́ kù lára òkúta á tún hù. Òkúta tó bá ní in, má tà á.

Ní ti iye, náírà tí mo bá kọ síbí lónìí lè ti yí kó tó dé ọwọ́ yín, torí dọ́là ni wọ́n fi ń kó iyọ̀ wọlé. Iyọ̀ ni èmi fi ń díye lé ọjà. Lítà omi kan ń gba nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀, jẹ́rígáànù onílítà 20 sì ń gba nǹkan bíi 700. Wo iye tí o ra báàgì iyọ̀ rẹ kẹ́yìn, ṣírò iye iyọ̀ jẹ́rígáànù kan, òun ni mò ń ta ègé green star tàbí Discosoma kan. Montipora, iyọ̀ jẹ́rígáànù mẹ́ta, torí ó pẹ́ kó tó dàgbà, ó sì ń béèrè káṣíọ̀mù nínú omi. Xenia ni mo fi ń ṣe ènì. Ẹni tí kò bá ní owó, kó gbé iyọ̀ wá, ìyẹn gan-an ló wù mí jù. Wọ́n á ná an o. Ìbàdàn la wà, ẹni tó bá ra ọjà láìná an, ara rẹ̀ ò ní balẹ̀. Pe díẹ̀ lé e kí o lè rí nǹkan dín.

Ooru ni kí o bẹ̀rù nínú gbígbé e. Láti oṣù Èrèlé dé Ẹrẹ́nà, ooru Ìbàdàn ń dé dígírì 34 tàbí 35 Celsius lọ́sàn-án. Ọ̀rá tó bá há sínú ọkọ̀ láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road á ti gbóná kó tó dé Gbági Tuntun. Nínú ẹran ara iyùn ni àwọn ewédò tíntìntín kan ń gbé, tí wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ fún un. Nǹkan bí 24 sí 27 ló bá gbogbo wọn lára mu. Bí omi bá kọjá 30 tó sì pẹ́ níbẹ̀, iyùn á lé àwọn ewédò náà jáde, á funfun, ebi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Torí náà, àárọ̀ kùtù tàbí lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni kí wọ́n wá gbé e. Ọ̀rá méjì tó wọ inú ara wọn, omi táǹkì rẹ tó bo iyùn dáadáa, afẹ́fẹ́ díẹ̀ lókè, gbogbo ẹ̀ nínú kúlà. O lè fi píọ́ wọ́tà tútù kan tí a fi bébà ìròyìn wé sí igun kúlà, kó má ṣáà kan ọ̀rá. Ẹni tó bá ń ti Èkó bọ̀, sọ fún un kó wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Moníyà, kó má lọ há sí márosẹ̀ pẹ̀lú ohun abẹ̀mí.

Bó bá kú lọ́wọ́ wọn, ohun tí ẹ bá ti sọ ṣáájú owó ni kí ẹ tẹ̀ lé. Tèmi nìyí: bó bá kú láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, tí wọ́n sì bu omi wá, mo fún wọn ní òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Owó kì í padà. Kí wọ́n tó kúrò nílé mi ni mo ti ń fi bí wọ́n á ṣe dà á sí táǹkì ránṣẹ́ sórí WhatsApp wọn, torí ohun tí mo bá fẹnu sọ, wọ́n á ti gbàgbé ẹ̀ ní ẹnu géètì: kí ọ̀rá léfòó sójú omi táǹkì fún ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n máa bu omi táǹkì kún un díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n má da omi ọ̀rá sínú táǹkì, kí iyùn sì kọ́kọ́ gbé ìsàlẹ̀ níbi tí iná ò ti le.

Ọ̀rẹ́ rẹ ní Kútọnu, sọ fún un pé Ìyá Ẹja ò gbà. Iyùn olókùúta ni Montipora, gbogbo ọ̀wọ́ iyùn olókùúta (Scleractinia) ló sì wà nínú Àfikún Kejì àdéhùn CITES, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí òwò ohun abẹ̀mí tí ewu ń wu. Nàìjíríà ti wà nínú ẹ̀ láti 1974. A ṣe òfin tiwa lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1985, a sì tún un ṣe ní 2016. Pé inú pálọ̀ rẹ ló ti dàgbà ò yọ ọ́ nínú ẹ̀: ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ bá a rìn kó tó kọjá Sẹ̀mẹ̀, ọ̀dọ̀ Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Àyíká ni ọ̀rọ̀ ìwé náà sì wà. Green star, Xenia àti Discosoma ò sí nínú àkójọ yẹn, ṣùgbọ́n ẹran abẹ̀mí ni wọ́n, ẹnubodè sì ní àyẹ̀wò tirẹ̀. Láti Ìbàdàn sí Èkó, àdéhùn òkè òkun ò bá ọ wí. Ṣáà tọ́jú rìsíìtì ibi tí o ti ra ìyá wọn.

Orúkọ àti àmì, fi wọ́n sílẹ̀ ná. CAMA ti 2020, òfin tó de ilé-iṣẹ́ àti òwò, ní kí ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ mìíràn ṣòwò lọ forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ òwò sílẹ̀. Ẹni tó ń fi orúkọ ara rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ tà, kò kàn án. Òṣìṣẹ́ ìjọba sì ni ọ́. Ìwé òfin 1999, nínú Àtẹ Karùn-ún, kò gbà kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ máa darí òwò aládàáni, àfi iṣẹ́ àgbẹ̀. Bí o bá fẹ́ pe iyùn ní iṣẹ́ àgbẹ̀, ọ̀dọ̀ lọ́yà ni kí o gbé ìyẹn lọ, má gbé e wá síbí. Ẹni tó ń gé iyùn tó pọ̀ jù fún àwọn tí wọ́n jọ ń sìn ín, tó sì ń gba iyọ̀, mi ò tíì rí ẹni tó bá a wíjọ́.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ Mà. Ẹ̀gbọ́n mi tó kó lọ sí Kánádà fi táǹkì rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Òkúta ńlá kan wà nínú ẹ̀ tí àwọn nǹkan kéékèèké bò, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ọsàn, wọ́n rí bíi bọ́tìnnì oníjàǹjá. Mi ò fẹ́ wọn, òkúta yẹn ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀ṣọ́ inú ilé. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n sè é nínú ìkòkò. Ṣé omi gbígbóná nìkan tó, àbí kí n fi ọṣẹ sí i?
Títí, Àgbòwó

ÌDÁHÙN

Títí, pa sítóòfù.

Bí o ṣe júwe ẹ̀ yẹn, irú iyùn tí wọ́n ń pè ní Zoanthus tàbí Palythoa ni. Àwọn kan nínú wọn ní májèlé kan tí wọ́n ń pè ní palytoxin, ó wà lára àwọn májèlé tó burú jù tí ẹ̀dá abẹ̀mí ń ṣe, iná kì í sì í pa á. Bí o bá se òkúta náà, á bá ooru omi jáde, ìwọ àti gbogbo ẹni tó wà nínú ilé ẹ á fà á símú. Ní 2018, ní Steventon ní Oxfordshire, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdílé kan dé ilé ìwòsàn torí pé wọ́n ń fọ táǹkì tí irú iyùn bẹ́ẹ̀ wà nínú ẹ̀, àwọn panápaná tó wá ràn wọ́n lọ́wọ́ náà sì bá wọn débẹ̀. Èémí á há, ikọ́ á dé, ara á gbóná, ẹnu á máa kan ẹni.

Má fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, má sá a sóòrùn, má fọ́ ọ. Fi í sílẹ̀ nínú omi bó ṣe wà, pẹ̀lú pọ́ǹpù. Bí o bá gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, wọ ìbọ̀wọ́, kí o sì fi gíláàsì bo ojú. Bí egbò bá wà lọ́wọ́ rẹ, pe ẹlòmíràn. Bó bá wà nínú omi yẹn jẹ́ẹ́, kò ní ṣe ọ́ ní nǹkan kan, àwọ̀ rẹ̀ sì dára wò. Kọ̀wé padà sí mi. Mo mọ ẹni tó máa gbé gbogbo òkúta náà pẹ̀lú ohun tó wà lórí ẹ̀, á sì fún ọ ní òkúta mìíràn tó ti gbẹ dípò.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú déédéé ìwòyí. Ilẹ̀kẹ̀ ni mò ń tà ní Òjé, iyùn ìyàwó àti iyùn olóyè. Èyí tó jẹ́ ojúlówó ti wọ́n kọjá agbára. Ọmọ mi kà á fún mi nínú ìwé yín pé àwọn kan ń gbin iyùn sínú gíláàsì nílé. Ṣé a lè gbin èyí tí a ń lù ní ìlẹ̀kẹ̀? Bó bá ṣeé ṣe, mo ní àyè lẹ́yìnkùlé.
Ìyá Oníyùn

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ọjà o, Mà, ajé á wọ̀ ọ́. Ìbéèrè yín dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n kò ní ṣeé ṣe. Àwọn tí à ń sìn nínú gíláàsì yàtọ̀ sí tiyín. Àwọn kan nínú wọn ò ní egungun rárá, ẹran lásán ni wọ́n. Àwọn tó ní egungun, funfun ni egungun ọ̀pọ̀ nínú wọn, ihò sì kún inú rẹ̀, kò ní gba dídán bí ẹ bá lọ̀ ọ́.

Iyùn pupa tí ọwọ́ yín mọ̀, Corallium rubrum ni, inú òkun Mẹditaréníà ló ti ń wá, láti ara àpáta tí ìmọ́lẹ̀ ò dé dáadáa, níbi tí omi ti tutù ju ti Ìbàdàn lọ. Kò ní àwọn ewédò tí mo sọ fún Ọmọ Akóbọ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí náà iná kì í bọ́ ọ, oúnjẹ wẹ́wẹ́ tí omi bá gbé kọjá ló ń mú jẹ. Sísanra rẹ̀ ní ọdún kan kì í tó mìlímítà kan. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀ka tó nípọn tó ohun tí a lè lù ní ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn olóyè, ọmọ tí wọ́n bí lónìí á ti ṣègbéyàwó kí ẹ tó gé e. Torre del Greco, lẹ́bàá Naples ní Ítálì, ló ti di ìlú àwọn tó ń gbẹ́ ẹ láti ọ̀rúndún 19, inú òkun náà ni àwọn pàápàá ti ń wá a.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín ní Òjé pé òun á gbin iyùn pupa fún yín nínú àgbá, kí ẹ dá owó, ẹ tilẹ̀kùn. Àyè ẹ̀yìnkùlé yẹn, ẹ fi sin ẹja àrọ̀.

ÌBÉÈRÈ

Ìyá Ẹja, ẹja guppy mélòó kan ni mo rà fún àwọn ìbejì. Ní báyìí, n kò lè kà wọ́n mọ́. Ṣé kí n kó díẹ̀ dà sí adágún Eléyẹlé ni?
Bàbá Ìbejì, Eléyẹlé

ÌDÁHÙN

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má dà wọ́n síbẹ̀. Láti 1942 ni wọ́n ti sé odò yẹn, àwọn èèyàn ń mu ún, àwọn apẹja ń jẹun níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè kó guppy jáde níbẹ̀ mọ́ bó bá ti wọlé. Gọ́tà náà ò dáa, odò ni gọ́tà ń lọ. Ẹ kó wọn fún ilé-ìwé àwọn ọmọ, tàbí ẹ gbé wọn lọ fún ẹni tó ń ta ẹja ẹ̀ṣọ́, kó fún yín ní oúnjẹ ẹja dípò wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo. Akọ ló kéré, òun ló láwọ̀, ìrù rẹ̀ ló sì gbòòrò. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú sí mi bí abo bá tún bímọ lẹ́yìn oṣù kan, àti òmíràn lẹ́yìn ìyẹn: ó lè tọ́jú àtọ̀ sínú fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó máa bí láìrí akọ. Ẹ wá táǹkì kẹta sílẹ̀.